Owó-Orí Èéfín Ti Wọlẹ̀, Èéfín Dichemso Ṣì Ń Rú

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Ghana, èyí tí ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù tàbí epo dísù máa san owó-orí lọ́dọọdún nítorí èéfín tí ọkọ̀ náà ń tú sínú afẹ́fẹ́. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yóò san 75 sídì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 3000 cc lọ yóò san 150. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá, yóò san 300. Ìjọba Nana Akufo-Addo ti ẹgbẹ́ NPP ni ó gbé òfin náà kalẹ̀. Àwọn awakọ̀ fárígá, wọ́n ní ìyà tí ó ń jẹ àwọn tẹ́lẹ̀ ti tó. Ẹgbẹ́ NDC, tí kò sí lórí àléfà nígbà náà, ṣèlérí pé bí àwọn bá wọlé, àwọn yóò pa owó-orí náà rẹ́. Wọ́n wọlé nínú ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí yóò sì fi di ìdajì ọdún 2025, ìjọba John Mahama ti mú ìlérí náà ṣẹ. Òfin náà kò lò tó ọdún kan ààbọ̀ láyé.

Gbogbo àríyànjiyàn tí ó wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí dá lórí àpò: ta ni yóò san, èló ni yóò san, ta ni yóò ná an. Ó ṣọ̀wọ́n kí olóṣèlú kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tó béèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, èyíinì ni pé kí ni owó náà, ìbáà jẹ́ sísan rẹ̀ tàbí àìsan rẹ̀, yí padà nínú afẹ́fẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé ń mí símú ní òwúrọ̀ ní àdúgbò bí Dichemso. Ìdáhùn ìbéèrè náà kò ṣòro. Kò yí nǹkan kan padà. Awakọ̀ tí ó san 150 sídì wa ọkọ̀ kan náà, lórí títì kan náà, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kan náà. Nígbà tí wọ́n sì fa òfin ya, ó tún ń wà á lọ.

Dichemso wà ní Kùmásì, kò jìnnà sí ààfin Manhyia níbi tí Asantehene ń gbé. Krofrom àti Ashanti New Town, tí àwọn ará ìlú gé kúrú sí Ashtown, ni aládùúgbò rẹ̀. Kì í ṣe àdúgbò ọlọ́lá, kì í sì í ṣe ti akúṣẹ̀ẹ́ paraku. Àwọn ilé àtijọ́ tí yàrá wọn yí àgbàlá ká ṣì wà níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti há sí àárín wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni trotro, tí ará Èkó yóò pè ní dánfó, ti ń pe èrò Kejetia. Pragya, èyí tí í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá tiwọn, ń gba àárín wọn kọjá bí abẹ́rẹ́ ti ń gba inú aṣọ. Lẹ́bàá títì, ẹni tí ń se wáakyé ti kó igi sínú iná láti ìdájí, ẹni tí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń fẹ́ èédú. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ kólẹ̀kólẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan á dáná sun ìdọ̀tí rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Etí títì tí ọ̀dà kò dé ń tú eruku pupa. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà yóò bo gbogbo rẹ̀, olúkúlùkù yóò sì máa sọ pé ọyẹ́ ni ó fa ikọ́.

Òǹkàwé tí ó bá rò pé Kùmásì jìnnà sí òun, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìgbẹ́tì tàbí ní Ṣakí. Ọmọ Yorùbá ṣòwò ní ilẹ̀ náà títí ó fi di ilé fún wọn, kí àṣẹ ìjọba Kofi Busia ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Kùmásì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni ìlú tí a ń kì ní Ìlú Ọlọ́gbà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oríkì náà ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn títí di òní, ó sì ń dun àwọn ará ibẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń kí ọlọ́run-ò-ní-jẹ́-á-tòṣì tí ó ti jẹ gbèsè.

Orúkọ ìlú náà gan-an, igi ni. Ìtàn Asante sọ pé Okomfo Anokye, àwòrò ńlá ìgbà Osei Tutu kìn-ín-ní, gbin igi kum sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti mọ ibi tí olú-ìlú yóò wà. Ibi tí igi náà ti yè ni wọ́n pè ní Kumase, èyí tí ó túmọ̀ sí abẹ́ igi kum. Ọmọ Ìbàdàn kò nílò ògbufọ̀ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀: Ìdí-Arẹrẹ, Ìdí-Ọsàn, Ìdí-Ayùnrẹ́, Ìdí-Apẹ́. Ìlú tí a bá fi igi sọ lórúkọ, àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó mọ̀ pé ibi tí èèyàn yóò ti fẹ́ atẹ́gùn ni a kọ́kọ́ ń wá kí a tó wá ibi tí a ó kọ́ ilé sí. Ìdí nìyẹn tí igi odán fi ń wà níwájú ààfin àti láàárín ọjà nílẹ̀ Yorùbá. Ìṣètò ìlú kì í ṣe ohun tí òyìnbó gbé wá.

Òyìnbó náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ní ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìṣètò ìlú àti ìgbèríko fún ilẹ̀ náà, ní àkókò yẹn náà sì ni a ya àwòrán ètò Kùmásì, èyí tí a máa ń so mọ́ orúkọ Maxwell Fry, ayàwòrán ilé ará Gẹ̀ẹ́sì. Èrò Ebenezer Howard nípa ìlú ọlọ́gbà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà fún ọ̀rọ̀ tòní ni pé a ya ilẹ̀ ẹ̀bá odò sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tútù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Odò pọ̀ ní Kùmásì: Subin, Aboabo, Sisa, Wiwi, Daban. Ilẹ̀ tútù tí ó bá wọn rìn yóò dà bí ọ̀nà ọ̀fun láàárín ìlú, tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé tí yóò sì máa gbà jáde. Àwọn àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń gbé ni igi kọ́kọ́ pọ̀ sí jù, igi sì pọ̀ ní Ridge àti Nhyiaeso títí di òní olónìí. Àwọn àdúgbò tí tálákà kún kò rí irú rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀bá odò jẹ́ ti gbogbo èèyàn nínú ìwé.

Inú ìwé ni ó kù sí. Ilé ìgbé, ṣọ́ọ̀bù, ibi ìfọ-ọkọ̀, ilé ìjọsìn àti ibùdókọ̀ ni ó gba ipò wọn. Kò sí ìjọba kan tí a lè nà ní ìka pé òun nìkan ni ó jẹ̀bi, nítorí pé gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ti ológun àti ti alágbádá. Ohun tí ó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjì ni ó di ilẹ̀ mú. Ilẹ̀ Kùmásì jẹ́ ti Àga Wúrà, àwọn olóyè sì ni wọ́n ń fún èèyàn ní ilẹ̀ lórúkọ Asantehene. Òfin ìṣètò jẹ́ ti ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni wọ́n ń ya àwòrán ibi tí a lè kọ́lé sí. Bí ọwọ́ kan bá fi ilẹ̀ fún èèyàn, tí ọwọ́ kejì sì ń sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ilé, ẹni tí ó ti kó búlọ́ọ̀kù dé ni yóò borí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kíkọ́ ilé ń ṣáájú ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2016 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun, Òfin 925, láti fi rọ́pò ti ọdún 1945. Òfin náà dára ní kíkà. Ó ní àṣẹ láti dá ilé dúró àti láti wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wó ilé nílò ẹni tí kò ní bẹ̀rù ìbò lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì ṣọ̀wọ́n.

Kí ni ilẹ̀ tútù, odò àti ibi tí a kọ́ ilé sí ní í ṣe pẹ̀lú èéfín ọkọ̀? Ó ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ púpọ̀. Èéfín kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti inú irin jáde. Ibi tí ó bá bọ́ sí ni ó ń sọ iye ẹni tí yóò pa lára. Ìwádìí ní oríṣiríṣi ìlú ti fi hàn pé bí èèyàn bá fi nǹkan bí igba mítà jìnnà sí títì ńlá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú èéfín ọkọ̀ ibẹ̀ yóò ti fọ́n ká kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ bá fẹ̀yìn ti títì gan-an kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí ilé gíga bá tò sí ọ̀tún àti òsì títì tóóró, títì náà yóò di kòtò: èéfín wọlé, kò rí ọ̀nà àbájáde. Bí ọkọ̀ bá ń dúró tí ó ń ṣí ní gbogbo ìṣẹ́jú, epo tí ó ń jó lórí ìrìn kan yóò ju ti ọkọ̀ tí ń lọ geere lọ. Bí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí ibi tí ó ń lọ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ yóò wọ pragya, pragya kan yóò sì tún kún títì. Kò sí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí tí 150 sídì lè tún ṣe. Ayàwòrán ìlú ni ó lè tún un ṣe.

Ibi tí Dichemso wà tún ní tirẹ̀ nínú. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, atẹ́gùn Kùmásì ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, àwọn ibi tí ọkọ̀ àti ọjà pọ̀ sí jù, Adum àti Kejetia, sì wà ní ìhà tí atẹ́gùn náà ń gbà bọ̀. Nígbà ọyẹ́ ni ó ń yí padà tí ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ó sì máa ń mú eruku tirẹ̀ dání. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó ní ọkọ̀ jù nínú ìlú, ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ ẹlòmíràn ń bá wọn jẹun.

Ohun tí èéfín yìí ń ṣe nínú ara ti kọjá àfẹnusọ. Àwọn eruku kan wà tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìbú irun orí kan tó ìlọ́po ọgbọ̀n wọn, PM2.5 ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Imú kò lè sẹ́ wọn. Wọ́n ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé kì í ṣe ikọ́ nìkan ni wọ́n ń fà, wọ́n ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 4.2 èèyàn ni ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ìta pa láìtọ́jọ́ káàkiri ayé. Ní ọdún 2021 ni àjọ náà dín òdiwọ̀n tí ó fara mọ́ fún PM2.5 láàárín ọdún kan kù láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó, ìwádìí Báńkì Àgbáyé sọ pé 68 ni. Ìwádìí kan náà ni ó sọ pé èèyàn 11,200 ni ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ pa láìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ojú ikú yìí kí ó wo Lọ́ńdọ̀nù. Ella Adoo-Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ tí ìran rẹ̀ ti wá. Ikọ́ fée ni ó ń bá a jà, ilé wọn ní Lewisham sì súnmọ́ títì South Circular tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò gbà pé àìsàn lásán ni. Ó jà fún ọdún púpọ̀, títí tí adájọ́ tí ń wádìí ikú fi sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí ó pa ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ikú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdájọ́ náà ṣeé ṣe nítorí pé ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ wà nítòsí ilé wọn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà fún ọdún tí ọmọ náà fi ń ṣàìsàn. Ọmọ tí ikọ́ fée bá pa ní àdúgbò tí kò sí ẹ̀rọ, ikọ́ fée nìkan ni ìwé ikú rẹ̀ yóò dárúkọ.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ìjọba níbi tí wọ́n bá ti ṣe dáadáa. Ní ọdún 2017, Ghana pàṣẹ pé dísù tí ń ti òkèèrè wọlé kò gbọdọ̀ ní ju ìwọ̀n 50 sọ́fúrì lọ nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ó jẹ́ pé 3000 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Nàìjíríà tí ń ta epo rọ̀bì fún gbogbo ayé pẹ́ kí ó tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo mímọ́ nínú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ó ti lo ogún ọdún nílùú òyìnbó kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Àwọn kan yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn mẹkáníìkì Suame Magazine ni ó yẹ kí a mú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn lẹ́nu ẹni tí kì í tún ọkọ̀ ṣe. Suame Magazine jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ ni ohun tí àwọn ìlú mìíràn ti kọ̀ sílẹ̀, bí kò bá sì sí wọn, ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ìbá máa tú èéfín ju bí wọ́n ti ń tú u lọ. Àwọn mìíràn yóò ní kí a lé àwọn tí ń tajà lẹ́bàá títì kúrò. Ìjọba Kùmásì ti ṣe èyí ní àìmọye ìgbà. Ẹni tí a lé láàárọ̀ ń padà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rajà ni ó ń tẹ̀ lé. Bí ọjà Kejetia tuntun ti tóbi tó, kò gba gbogbo wọn. Ó sì yẹ kí a rántí pé ẹni tí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń mu èéfín jù lọ nínú gbogbo àdúgbò: ti èédú rẹ̀, àti ti ọkọ̀ tí ó ń kọjá níwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí a bá ràn án lọ́wọ́ láti kúrò lórí èédú bọ́ sórí gáàsì, tí a sì fún un ní ààyè tí ó fi mítà mélòó kan jìnnà sí títì, a ti ṣe ohun tí lílé kò lè ṣe.

Igi gbígbìn náà wà. Ghana bẹ̀rẹ̀ Green Ghana Day ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn minísítà gbé ṣọ́bìrì, àwọn ayàwòrán yà wọ́n. Igi dára, ṣùgbọ́n ìṣètò ló ń sọ ibi tí ó yẹ kí ó wà. Bí igi ńlá bá ya ẹ̀ka bo títì tóóró tí ilé gíga yí ká, ó lè ṣe bí ọmọrí ìkòkò, kí èéfín wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbà ewéko tí ó dí, tí ó ga tó àyà èèyàn, láàárín títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, yóò ṣàǹfààní ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí ń rìn lọ sí ilé-ìwé. Igi ńlá, ẹ̀bá odò àti gbàgede ni àyè tirẹ̀. Ní Freetown, Yvonne Aki-Sawyerr tí ó jẹ́ olórí ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò mílíọ̀nù kan igi ní ọdún 2020, ohun tí ó sì mú kí ètò náà yàtọ̀ ni pé a ń sanwó fún àwọn ará àdúgbò láti tọ́jú igi lẹ́yìn tí ayàwòrán bá ti lọ, a sì ń tọpa igi kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọkọ̀ èrò, Accra àti Èkó ti fi ohun tí ó ṣe pàtàkì hàn. Èkó bẹ̀rẹ̀ BRT rẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un ní ibi púpọ̀. Pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, èrò ṣì ń tò sórí ìlà láti wọ̀ ọ́. Accra gbé Aayalolo tirẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi kò ní ọ̀nà tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì tuntun tí ó dára wọ inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kan náà pẹ̀lú trotro, kò yá ju trotro lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá dúró sójú kan. Bọ́ọ̀sì ni ìjọba rà. Ọ̀nà ni ìlú nílò. Ẹni tí ó bá ń ronú nípa Kùmásì kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì yóò gbà kí ó tó pe àwọn tí ń ta bọ́ọ̀sì.

Ibi tí ìṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ náà jù lọ nìyí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2010 rí ju mílíọ̀nù 1.7 èèyàn lọ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú Kùmásì, tí a mọ̀ sí KMA. Ti ọdún 2021 rí 443,981. Àwọn èèyàn kò sá lọ. Ilẹ̀ ni a pín. Láàárín ọdún 2017 àti 2018, a gé Suame, Old Tafo, Kwadaso, Asokwa àti Oforikrom kúrò, a sì fún olúkúlùkù ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Asokore Mampong ti lọ ṣáájú wọn ní ọdún 2012. Ìpín yìí mú ọ́fíìsì súnmọ́ àwọn èèyàn, ó sì dá ipò tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Dichemso wà lábẹ́ KMA, Suame Magazine wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ mìíràn, odò tí ó ti orí ilẹ̀ kan wá sì ń ṣàn gba ti ẹlòmíràn kọjá. Èéfín kì í ka pátákó ààlà. Bí ìgbìmọ̀ kan bá pa ẹ̀bá odò mọ́, tí èyí tí ó wà lókè rẹ̀ sì fi tirẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́lé, òfo ni.

Gbogbo àwọn olórí ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, ààrẹ ni ó ń yàn wọ́n. Ìwé òfin Ghana, ní abala 243, sọ pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹni tí ààrẹ bá mú wá, ṣùgbọ́n ará Dichemso kò ní ìbò kankan láti fi yàn án tàbí láti fi yọ ọ́. Nígbà tí ìjọba bá yí padà ní Accra, olórí Kùmásì náà yóò yí padà, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ìṣètò ìlú sì jẹ́ iṣẹ́ ogún ọdún. Ní ọdún 2019, ó kù díẹ̀ kí àwọn ará Ghana dìbò lórí bóyá kí ẹgbẹ́ òṣèlú lè kópa nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ara ètò láti jẹ́ kí wọ́n máa yan àwọn olórí wọ̀nyí fúnra wọn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ni wọ́n dá fún un. Bí oṣù náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni Akufo-Addo fagi lé e, ó ní kò sí ìfohùnṣọ̀kan. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ti jẹ àǹfààní ìfagi-lé náà, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé kò sí èyí tí ń kánjú láti tún un gbé dìde.

Títí dìgbà tí ìyẹn yóò fi ṣeé ṣe, ohun kan wà tí kò nílò àtúnṣe ìwé òfin. Òfin 925 fún ìjọba ní agbára láti mú kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó pín ilẹ̀ kan náà ṣe ètò pọ̀. Kí KMA àti àwọn ìgbìmọ̀ tí a gé lára rẹ̀ jókòó pẹ̀lú Manhyia, kí wọ́n sì fi ọwọ́ sí àwòrán kan ṣoṣo fún àwọn ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí a kò tíì kọ́lé sí. Ẹnu Asantehene, Otumfuo Osei Tutu kejì, tó iṣẹ́ yìí ju ti minísítà kankan lọ. Bí ààfin bá sọ pé olóyè tí ó bá fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn yóò rí ìbínú Àga Wúrà, búlọ́ọ̀kù yóò dúró níbi tí ó wà. Ní Yunifásítì KNUST, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti àárín ìlú, wọ́n ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ ìṣètò ìlú láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Yunifásítì Makerere ní Kampala, àwọn onímọ̀ AirQo ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ láti ọdún 2015, ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò ga, tí a ṣe fún ooru àti eruku Áfíríkà. Ìmọ̀ kò wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ kan sí ògiri ilé-ìwé ìjọba ní Dichemso, tí yóò sì gbé ohun tí ó kà jáde lójoojúmọ́, lédè Twi, lórí rédíò tí àwọn òbí ń gbọ́, kí wọ́n tó rán ọmọ wọn jáde.